Kùrukùru Tó Wà Lójú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ọmọ mi, àkọ́bí mi obìnrin,

Ẹni tó sùn sórí àpò sìmẹ́ńtì fún ọdún mẹ́rin, tó ru iyanrìn títí àárín orí rẹ̀ fi pá, tí ọ̀gá rẹ̀ nà bí ẹni lu bàrà nítorí táìsì ilẹ̀ kan ṣoṣo tó sán, tí omi tútù ṣe oúnjẹ alẹ́ fún, tí ibà dá dùbúlẹ̀ nínú ilé tí wọn kò tíì kàn lórùlé, tí kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, àmọ́ tó wá di Ilẹ̀-ń-dán tí gbogbo ìgboro ń wárí fún: òun ló ń kí ọ o.

Ṣé ara le? Ṣé òtútù kò tíì gbé ọ mì? Ṣé ìsọ̀ tí o ti ń ta kọ̀ǹpútà fún àwọn ará òkè òkun ń lọ déédéé? Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kí o máa jẹun. Mo ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ yóò jẹun, kí ó má kọ́ ọmọ mi ní ìmẹ́lẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ fóònù, afẹ́fẹ́ ni. Lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ àgbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ń ṣe fóònù ti di ahun. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sí i láyé ìsinsìnyí, bí ẹyin iná orí ló rí.

Ọ̀rọ̀ tó bí lẹ́tà yìí rè é. O mọ Onítáyà, ọ̀rẹ́ mi tó ń lẹ táyà ní ìkòríta. Ọmọ rẹ̀ àgbà ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, abẹ́ páànù rẹ̀ la máa ń jókòó sí, tí a ó máa fi ṣe géèmù, èyí tí ọkọ̀ ti ń sáré ìdíje. Wá gbọ́ o. Èmi tí mo wa ọkọ̀ tó ń kó òkúta kí n tó ra tèmi! Onítáyà, tí kò wa ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ láyé rẹ̀, òun ló wá ń ṣáájú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo já sí gọ́tà léraléra. Ó ní, “Ilẹ̀-ń-dán, ṣé o fẹ́ lọ tẹ́ táìsì sínú gọ́tà ni?” Àwọn tó ń dúró de táyà wọn fi ẹ̀rín pa mí.

Mo fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì rí ibi tí àléébù wà. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni kò dára. Kùrukùru bò ó. Èèyàn kò ní rí kọ́nà títí kọ́nà yóò fi gbá a létí. Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè, ó ní, “Bàbá, HD ni.” Ó ní èyí tó jù ú lọ wà tí wọ́n ń pè ní 4K, pé ẹyọ iná kéékèèké tó wà lójú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti HD.

Kọ̀ǹpútà 4K yìí ni mo fẹ́ kí o rà fún mi. Màá fi ṣe géèmù, màá fi kọ iye táìsì tó wà nínú ìsọ̀ mi, màá sì máa fi wo ojú rẹ. Má ra HD wá fún mi. Nǹkan kékeré, ẹni kékeré la ń rà á fún.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ilẹ̀-ń-dán.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira àwọn òṣìṣẹ́. Mò ń jẹun, ẹ bá mi sọ fún Màmá. Òtútù kò gbé mi mì, ó kàn ń tọ́ mi wò ni.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí, iṣẹ́ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é. 4K kò burú, àmọ́ kì í ṣe tiyín. Ẹ wò ó báyìí: ojú kọ̀ǹpútà dà bí ilẹ̀ yàrá, ẹyọ iná inú rẹ̀ sì dà bí táìsì. HD ní táìsì 1920 láti ògiri òsì dé ògiri ọ̀tún, ó sì ní 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá wá mú 4K, yàrá kan náà ni, kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan tóbi sí i, àmọ́ táìsì rẹ̀ ti kéré débi pé mẹ́rin ló wà níbi tí ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò tẹ́ ẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ni. Tó bá sì jẹ́ géèmù ẹ ń ṣe, wọn kì í tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lọ sinmi. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti tú u, wọ́n ti tún un tẹ́ láìmọye ìgbà, nítorí ọkọ̀ ń sáré, gbogbo nǹkan ń yí padà. Òṣìṣẹ́ kò pọ̀ sí i, iṣẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ yín yóò máa wọ́ bí ìgbín, ìdí kọ̀ǹpútà yóò gbóná bí irin ìlọṣọ, bátìrì yóò sì kú kí ẹ tó dé kọ́nà kejì.

Àwọn tó ń gé fíìmù tàbí tó ń tún fọ́tò ṣe ló nílò 4K. Ọ̀kan wà láàárín, 2560 sí 1440, ó dára fún ẹni tí géèmù ti di iṣẹ́ fún, tó sì ra kọ̀ǹpútà alágbára. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tó fẹ́ ka táìsì ìsọ̀, tó sì fẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀, HD tó, ó sì kù. Ẹ jẹ́ ká fi agbára sí inú rẹ̀, ojú rẹ̀ á tó.

Ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kùrukùru tí ẹ ní ẹ rí yẹn, ṣé Onítáyà náà ń rí i? Mo tún ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yín ti kúrò lórí ìlà, òmíràn gun òmíràn lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé bí ẹni na okùn!

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyá rẹ ló kà á sí mi létí, nítorí ọwọ́ mi wà nínú sìmẹ́ńtì. Mo ní kí ó tún un kà, bóyá kò kà á dáadáa. Bí ó ṣe kà á náà ló rí.

O ti kọ́ mi ní iṣẹ́ táìsì, o ṣeun. Òròmọdìẹ ti kọ́ ìyá rẹ̀ bí a ti ń tan ilẹ̀. Orí táìsì ni mo bí ọ sí, táìsì ni mo fi rán ọ níléèwé, táìsì ló gbé ọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí o wá jókòó sínú òtútù, ò ń ṣàlàyé táìsì fún Ilẹ̀-ń-dán! Kí n sọ òótọ́, àlàyé náà dùn. Àmọ́ ìwọ kò mọ̀ pé táìsì wẹ́wẹ́ ni olówó ń tẹ́.

Ti ìlà ìwé tí o sọ: àwọn tó ń ṣe ìwé ni kí o bá wí. Wọn kì í tẹ ìlà kí ó dúdú mọ́. Gbogbo nǹkan ti di àbọ̀ọ̀bọ̀ láyé yìí. Àwọn tó ń kun ọ̀nà náà ti ń jí ọ̀dà, ìlà funfun àárín títì ti ṣá tán. Káfíńtà tó ri òpó géètì wa náà, ibi tí kò yẹ ló rì í sí. Ó ti ha ọkọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún ha á lẹ́yìn. Láti ìgbà tí o ti wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òpó yẹn ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n rì í síbi tí kò yẹ, àfi ìgbà tí èmi fura.

Mo bi Onítáyà nípa kùrukùru. Ó ní òun kò rí nǹkan kan. Kí ni o fẹ́ kí ó sọ? Ta ló ń polówó ọjà tó ní, “Ẹ wá ra tèmi, ó ti bàjẹ́”?

Kí o má baà ní mo kàn ń jiyàn, mo wọ aṣọ mi tó gbayì, mo lọ sí ìsọ̀ ńlá kan tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Mo ní kí wọ́n gbé 4K síwájú mi. Obìnrin tó ń tà á tẹ nǹkan, àwòrán jáde. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo igi yìí, ẹ lè ka ewé rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.” Ewé wo? Ohun aláwọ̀ ewé kan ni mo rí, bí aṣọ tí wọ́n sá sí òjò. Ó ní, “Ẹ wo ẹyẹ orí ẹ̀ka yẹn.” Mo ní ẹyẹ ti fò lọ kí n tó dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá yìí mà mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe o. Bí mo ti ń lọ ni mo ń bọ̀.

Nítorí náà mo gbà fún ọ pé 4K kò dára. Ìwọ náà gbà fún mi pé HD kò dára. A ti bára wa dọ́gba. Mo bi obìnrin náà bóyá èyí tó ju 4K lọ wà. Ó ní 8K wà lára tẹlifíṣọ̀n ràgàjì, àmọ́ òun kò tíì rí i lára kọ̀ǹpútà alágbèéká. 8K ni kí o rà wá. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, sọ fún wọn kí wọ́n ṣe é. Sọ ẹni tó fẹ́ ẹ fún wọn.

Bàbá rẹ,
Ilẹ̀-ń-dán.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ tó kà á. Ẹ jẹ́ kí Màmá ka lẹ́tà yìí sí yín létí ní jẹ́jẹ́.

Mo ti ra HD. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bọ̀ wálé ló gbé e. Inú rẹ̀ lágbára, mo sì ti mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi.

Àmọ́ n kò lè máa bá yín tan ara wa. HD ṣú, 4K ṣú, ìlà ìwé ṣá, ìlà títì ṣá, òpó géètì wá sún kúrò níbi tó wà. Bàbá, kò sí kùrukùru lójú kọ̀ǹpútà. Ojú yín ni. Ẹ lọ rí dókítà ojú. Ẹ má sì wa ọkọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí. Bàbá rẹ kò mọ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ ra iyọ̀, ìsọ̀ aránṣọ ni mo jókòó sí.

Ṣé o ti ń retí èsì? Èsì kò ní dé. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ tán ni kò ti dárúkọ rẹ mọ́. Ó ní ọmọ tí òun fi èjìká ru dé òkè òkun ti dúró sí òkè òkun, ó ń pe òun ní afọ́jú. Kọ̀ǹpútà rẹ ṣì wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àlejò bá bi í pé kí nìyẹn, á ní ẹrù ọmọ kan ni.

Ó ṣì ń wakọ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń jókòó sí báyìí, tí mò ń ṣe bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màá ní, “Ẹ wo ewúrẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ sọdá yìí.” Màá ní, “Irú ọkọ̀ pupa tó dúró níwájú yìí wù mí o.” Ìgbà náà ni yóò tó tẹ bíréèkì. Á ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ẹnu rẹ kì í sinmi.” Ọmọ mi, ẹnu yìí ló ń wa ọkọ̀ náà. Ọjọ́ tí ikọ́ bá ká mi mọ́ inú mọ́tò, ó parí nìyẹn.

Èyí tó wá burú jù: ó tú ilẹ̀ pálọ̀ wa. Ó ní òun fúnra òun ni yóò tún un tẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé Ilẹ̀-ń-dán kò tíì ṣú. Kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan dé ibẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹ tán. Ilẹ̀ náà ń rìn bí ejò. Ó pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ọkùnrin yẹn wò ó títí, ó ní, “Ọ̀gá, irú ilẹ̀ yìí ò sí níbòmíràn,” ó sì sáré jáde. Kò kúkú parọ́.

Wá ọgbọ́n kan dá sí i. O mọ̀ ọ́n. Bí o bá ní kí ó lọ, kò ní lọ. Bí o bá ní kí ó má lọ, wọn á ti rí i lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Bàbá mi, Ilẹ̀-ń-dán tí kò ní ẹlẹgbẹ́,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ obìnrin kò tó. Mo ti ronú, mo rí i pé mo sáré sọ̀rọ̀. Ẹ má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan nítorí tèmi.

Ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà náà ní àléébù lóòótọ́. Ìsọ̀ wa máa ń gbà á padà, àmọ́ wọ́n fẹ́ ẹ̀rí ẹni tó mọ nǹkan wò. Mo ní kò sí ẹni tó mọ nǹkan wò bíi bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ́, ẹ ó di ojú òsì, ẹ ó fi ojú ọ̀tún tọ okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi náà á dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn yín, màá di ojú tèmi. Ẹ rántí?

Ẹ bá mi yẹ ojú kọ̀ǹpútà náà wò bẹ́ẹ̀. Kí n tó gbé e fún ọ̀rẹ́ mi, mo ti ya ìlà funfun kan ṣoṣo sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti fi dán an wò. Bí ẹ bá ti ṣí i ni yóò jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú ọ̀tún wò ó bí ẹ ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ fi òsì wò ó. Bí ó bá ṣú fún méjèèjì, kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, màá dá a padà, màá sì wá 8K yín kiri ayé. Bí ó bá mọ́ fún ọ̀kan, tó ṣú fún èkejì, ẹ̀yin ni ọ̀gá ìwọ̀n. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ fún mi.

Ọmọ yín tó ń retí ìdájọ́.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo bi ọ́, kì í ṣe ìyá rẹ.

Mo sọ kọ̀ǹpútà náà kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣí i. Mo di ojú òsì, mo fi ọ̀tún wò ó. Mo ní, “Mo sọ bẹ́ẹ̀!” Èéfín lásán. Ìlà rẹ dà bí èéfín tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo pe ìyá rẹ kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí pé wọ́n ta ọjà gbàǹjo fún ọ. Mo wá di ojú ọ̀tún.

Ó dá ṣáká. Ó tọ́ bí èyí tí mo fi okùn lé.

Mo nu ojú kọ̀ǹpútà náà. Mo gbé e lọ síbi fèrèsé. Mo ní kí ìyá rẹ dojú rẹ̀ dé, kí ìsàlẹ̀ di òkè, bóyá apá ọ̀tún rẹ̀ ló bàjẹ́. Ìyá rẹ dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ìlà kan náà. Ó mọ́ fún òsì, ó ṣú fún ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi, kí ó tó na mí nítorí táìsì tó sán, ni pé ìlà kan kì í tọ́ kí ó tún wọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìlà ni kí o mú.

Mo di ojú ọ̀tún, mo yíjú sí ilẹ̀ pálọ̀ mi.

Ọmọ mi, mo jókòó lé e lórí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo bi ìyá rẹ pé, “Ṣé o ti ń rí i láti ọjọ́ yìí?” Ó ní, “Kí ni?” Mo ní, “Ilẹ̀ yìí.” Ó ní, “Mo rò pé àrà tuntun lẹ dá ni.” Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mi. Mo ní, “O ní irú ilẹ̀ yìí ò sí níbòmíràn.” Ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀gá. Ṣé ó wà níbòmíràn?” N kò lè bá a jà. Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin yẹn níṣẹ́.

Ojú ọ̀tún yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Kò sí ilẹ̀ tí mo tẹ́ láyé mi tí kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ tọ okùn rẹ̀ dópin. Kò yẹ kí n jókòó máa wò ó bí ó ti ń ṣú lọ, kí n máa bú oníwèé, kí n máa bú ọlọ́dà, kí n máa bú káfíńtà tó ti kú.

Àmọ́ má ṣe rò pé o borí. HD rẹ dára, mo gbà, ó sì ń sáré. Mo gbé e lọ bá Onítáyà ní ọjọ́ Ìsinmi, mo di ojú ọ̀tún, mo sì nà án débi pé ó ní kí n jẹ́ kí òun náà fi tèmi ṣe é wò. Ó ní, “Kí ló dé tí o di ojú kan?” Mo ní ojú kan tó fún irú rẹ̀, mo fi èkejì pamọ́ de awakọ̀ gidi. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ mi báyìí. Ó ti yẹ kí irú èmi ti ní awakọ̀ tipẹ́. Ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn lánàá, kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi délé. Mo bi í bóyá ó ń ṣàìsàn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Ajé, màá tú ilẹ̀ pálọ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ mi á sì tún un tẹ́ níṣojú mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, màá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìwọ kọ́ lo rán mi. Ìwọ ní kí n má lọ, n kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ. Bí mo bá débẹ̀, màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá fi ojú òsì tọ táìsì ilẹ̀ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ilẹ̀ wọn bá tọ́, màá jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú ọ̀tún mi.

Bàbá rẹ,
Ilẹ̀-ń-dán.